Iṣẹ́ Físíò: Ìgbà Téèyàn Bá Jí Lòwúrọ̀ Rẹ̀

Lẹ́yìn ìpàdé wa kan ni àbúrò wa kan, aránṣọ tó ti pé ọmọ ọdún 35, fà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ lọ kọ́ iṣẹ́ físíò ní Yunifásítì. Ṣé ẹ̀pa ò bóró mọ́ báyìí?"

Àrùn rọpárọsẹ̀ ló kọlu bàbá rẹ̀. Ojú rẹ̀ ló ṣe tí oníṣẹ́ físíò fi kọ́ bàbá náà bí wọ́n ṣe ń dìde jókòó, títí tí wọ́n fi mú ọ̀pá, tí wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn dé ẹnu ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn rẹ̀ ò ti kúrò nídìí iṣẹ́ yìí.

Èsì tá a fún un ni pé kò tíì pẹ́ jù. Àjọ JAMB ní iye ọdún tí ọmọdé gbọ́dọ̀ pé kó tó wọlé, wọn ò sọ pé àgbà ò gbọdọ̀ wọlé. Kódà, ẹni tó bá ti lé ní ọdún 30 lọ́jọ́ tó gboyè kò ní ṣe àgùnbánirọ̀ mọ́, ìwé tó yọ ọ́ kúrò nínú rẹ̀ ni NYSC máa fún un. Lójú tiwa, ohun tó ń dá àgbàlagbà dúró ni èsì ìdánwò girama tó ti wà nínú àpótí látọjọ́ pípẹ́.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe tuntun nílẹ̀ wa. Ọdún 1945 ló bẹ̀rẹ̀ ní Igbóbì, l'Ékòó, nígbà tí wọ́n ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Nígbà tó di 1966, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní i fún oyè. Lónìí, wọ́n ń kọ́ ọ l'Ékòó, n'Ífẹ̀, l'Énúgù, ní Maiduguri àti ní Yunifásítì Bayero ní Kánò. Ẹni tó bá sì wọkọ̀ ní páàkì Utako yóò rí i pé Kánò sún mọ́ wa ju Ìbàdàn lọ.

Ilé là á ti í kẹ́ṣọ̀ọ́ ròde. Kí ẹ tó na kọ́bọ̀ lórí fọ́ọ̀mù JAMB, ẹ kọ́kọ́ yọ èsì WAEC tàbí NECO yín wò. Kírẹ́dìtì márùn-ún ni wọ́n ń béèrè: èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì. Àbúrò wa yìí ka ìmọ̀ ọrọ̀-ajé nílé ìwé girama, kò fojú kan Físíìsì rí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ jókòó fún GCE, tí WAEC ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Ẹ má ṣe dá a kà nínú ilé nìkan o, nítorí ìbéèrè lórí iṣẹ́ àfọwọ́ṣe wà nínú àwọn ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì wọ̀nyí. Ibi lẹ́sìnnì tó ní yàrá ìwádìí gidi ni kẹ́ ẹ wá. Ẹ béèrè bóyá Yunifásítì tẹ́ ẹ fẹ́ ń gba èsì ìjókòó méjì, nítorí ìlànà wọn ò dọ́gba.

Ẹ̀yin abilékọ, ẹ fetí sí èyí. Bí orúkọ bàbá yín bá wà lórí èsì WAEC, tí ti ọkọ yín sì wà lórí NIN, ẹ tètè tún un ṣe. NIN ni JAMB fi ń forúkọ sílẹ̀, orúkọ tí kò bára mu sì lè dá èèyàn dúró lẹ́nu géètì.

Gẹ̀ẹ́sì, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì náà ni ẹ ó fi ṣe JAMB. Ìbéèrè 180 ni, wákàtí méjì, orí kọ̀ǹpútà sì ni. Ọwọ́ tí kò mọ kọ̀ǹpútà yóò pàdánù àkókò, nítorí náà ẹ máa fi dánra wò. Èsì JAMB kì í kọjá ọdún kan, ti WAEC ni kì í kú. Ìdí nìyí tá a fi ní kẹ́ ẹ fi WAEC ṣáájú.

Ó kù sọ́wọ́ owó àti àkókò. Oyè yìí gba ọ̀pọ̀ ọdún, ọdún kan ìkọ́ṣẹ́ nílé ìwòsàn sì tún tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá wọlé ní 37 gbọ́dọ̀ ka gbogbo ọdún wọ̀nyí mọ́ ọjọ́ orí rẹ̀ kó tó dá dúró. Kò ṣe é kọ́ láti ilé, ara aláìsàn ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Ẹ̀yáwó NELFUND, tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀ ní 2024, wà fún àwọn tó bá wọ ilé ìwé ìjọba, kò sì ní èlé. Bó bá jẹ́ ilé ìwé aládàáni lẹ fẹ́, ẹ rí i dájú pé NUC àti Medical Rehabilitation Therapists Board ti fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ náà, kẹ́ ẹ má baà kàwé tán kí wọ́n má fún yín níwèé àṣẹ iṣẹ́.

Ìmọ̀ràn wa tó kẹ́yìn rè é: ẹ tọrọ ààyè nílé ìwòsàn kan, kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ wò wọ́n lẹ́nu iṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Iṣẹ́ agbára ni, iṣẹ́ sùúrù sì ni. Ẹ lọ wò ó bóyá ẹ̀yìn yín àti ọkàn yín gbà á.

Àbúrò wa ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́. Òwúrọ̀ ló ń ránṣọ, ìwé Físíìsì sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló ń bi í léèrè lálaalẹ́ pé ibo ló kà dé. Ẹni tó bá ní ìwé sáyẹ́ǹsì àtijọ́ nílé nínú wa, kó gbé e wá sípàdé tó ń bọ̀.