Àwọn Bodè Omi Inú Ara

Bí oṣù kẹta ọdún bá ti wọlé ní Ouagadougou, olú-ìlú Burkina Faso, ó ti pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti rí òjò kẹ́yìn. Láti oṣù kọkànlá ni ojú ọ̀run ti gbẹ. Ọyẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà ti fẹ́, ewé ti wọ́ dànù, oòrùn sì gba ipò rẹ̀. Ní ìparí oṣù kẹta àti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹrin ọdún 2024, ooru kọjá ìwọ̀n 45 lórí òṣùwọ̀n Celsius ní àwọn ibì kan ní Mali àti Burkina Faso. Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti pẹ́ nínú òwò ní ìlú náà kò nílò ẹlẹ́rìí lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ̀dá méjì ni ó ń bá ọ̀dá àti ooru yìí jà nínú ilé kan náà: ènìyàn àti ẹ̀fọn. Ìbéèrè kan náà ni ó sì wà níwájú àwọn méjèèjì: ọgbọ́n wo ni ara ń dá tí omi inú rẹ̀ kò fi tán? Ìdáhùn sí ìbéèrè yìí kò tíì pẹ́ tí ó tẹ àwọn onímọ̀ lọ́wọ́, ó sì yẹ kí olúkúlùkù wa lóye rẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì ni a fi mọ ara ènìyàn, ti ẹranko àti ti ewéko. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni ó yí sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ká, bí odi ti í yí ìlú ká láyé àtijọ́. Ọ̀rá ni ó pọ̀ jù nínú awọ yìí, ẹni tí ó bá sì ti se ọbẹ̀ rí mọ̀ pé epo àti omi kì í wọ ara wọn. Síbẹ̀, omi ń wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ó sì ń jáde. Àwọn onímọ̀ kan gbà pé ńṣe ni ó ń rin inú ọ̀rá náà kọjá díẹ̀díẹ̀. Àwọn mìíràn wo bí omi ti í yára tó nínú kíndìnrín àti nínú sẹ́ẹ̀lì pupa inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n ní rárá o, ọ̀nà kan gbọ́dọ̀ wà. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè nawọ́ sí ọ̀nà náà.

Peter Agre, oníṣègùn ará Amẹ́ríkà tí a bí ní ọdún 1949, ni ó rí i, nǹkan mìíràn ni ó sì ń wá. Ní Yunifásítì Johns Hopkins ní ìlú Baltimore, ó ń ṣe ìwádìí purotéènì kan tí ó jẹ mọ́ irú ẹ̀jẹ̀ tí à ń pè ní Rh. Purotéènì mìíràn tí kò pè ń yọjú sí i léraléra. Ó pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, ó sì wà nínú kíndìnrín. Láti mọ iṣẹ́ rẹ̀, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ẹyin àkèré kan tí ó jẹ́ ti ilẹ̀ Áfíríkà, irú ẹyin tí omi kì í tètè wọ̀. Wọ́n mú kí àwọn kan nínú ẹyin náà ṣe purotéènì yìí sí ara wọn, wọ́n sì fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ti wà. Nígbà tí wọ́n kó gbogbo wọn sínú omi tí kò ní iyọ̀, àwọn ti ìṣáájú wú, wọ́n sì bẹ́ láàrin ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn yòókù kò mira. Wọ́n tẹ àbájáde náà jáde ní ọdún 1992. Purotéènì wọ̀nyí ni à ń pè ní akuapórìn, ìtumọ̀ orúkọ náà sì ni ihò omi. Ní ọdún 2003, Agre gba Ẹ̀bùn Nobel ti Kẹ́místrì, òun àti Roderick MacKinnon, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ lórí ọ̀nà tí àwọn èròjà iyọ̀ ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì.

Bí awọ sẹ́ẹ̀lì bá jẹ́ odi, akuapórìn ni bodè rẹ̀. Bodè náà há tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi jẹ́ pé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni àwọn horo omi ń tò kọjá, síbẹ̀ nǹkan bí bílíọ̀nù 3 horo omi ń gba inú bodè kan ṣoṣo láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Omi ni oníbodè yìí mọ̀. Kò jẹ́ kí iyọ̀ bá a wọlé. Oríṣi akuapórìn 13 ni ó wà nínú ara ènìyàn.

Ṣùgbọ́n bodè tí a kò lè tì kò yàtọ̀ sí odi tí ó ya. Lójoojúmọ́, kíndìnrín ènìyàn ń sẹ́ nǹkan bí lítà 180 omi jáde láti inú ẹ̀jẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá di ìtọ̀, a kò ní rí ọjọ́ kejì. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ara ń gbà padà, nǹkan bí lítà kan àbọ̀ ni a sì ń tọ̀. Nígbà tí oòrùn bá pa ènìyàn tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì ki, ọpọlọ a rán ìránṣẹ́ kan tí à ń pè ní fasopurẹ́sìn sí kíndìnrín. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀, a ti di akuapórìn kan sínú àwọn àpò kéékèèké pamọ́. Bí ìránṣẹ́ náà bá ti dé, sẹ́ẹ̀lì a fi àmì sí purotéènì náà lára, àwọn àpò a sún lọ sí ojú awọ, bodè a ṣí, omi a sì padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyí tí ìtọ̀ fi í kéré tí ó sì í pọ́n ní àkókò ooru. Bí a bá mu omi tó, ìránṣẹ́ náà a dínkù, sẹ́ẹ̀lì a sì kó àwọn bodè náà wọlé padà. Àwọn tí a bí láìní bodè yìí tàbí tí tiwọn kò gbọ́ ìpè a máa tọ omi dànù lọ́pọ̀lọpọ̀, òùngbẹ kì í sì í fi wọ́n sílẹ̀. Àmọ́ kíndìnrín kò lè dá omi tí a kò mu sílẹ̀. Ṣíṣọ́ èyí tí ó kù ni iṣẹ́ tirẹ̀. Nítorí náà, kò yẹ kí a dúró de òùngbẹ kí a tó fún arúgbó àti ọmọdé ní omi nígbà ooru.

Ẹ jẹ́ kí a wá yí ojú sí ẹ̀fọn. Ní ọdún 2008, Agre di olórí ilé ìwádìí ibà ti Johns Hopkins. Ní ọdún 2011, òun, Kun Liu àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí Anopheles gambiae, ẹ̀fọn tí ń tan ibà ká ní ilẹ̀ wa. Wọ́n rí i pé ó kéré tán, àmì akuapórìn 7 ni ó wà nínú àbùdá rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn pọ̀ lára abo ju akọ lọ. Abo ni ó sì ń mu ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ó bá mu lẹ́ẹ̀kan lè wúwo tó ara rẹ̀, kí ó tó kúrò lára ènìyàn ni ó sì ti ń tọ omi inú ẹ̀jẹ̀ náà dànù. Bí ẹ̀fọn bá ti mu ẹ̀jẹ̀, bodè yìí a pọ̀ sí i ní àwọn ibì kan nínú ara rẹ̀, pàápàá níbi tí ẹyin rẹ̀ ń gbé. Bí afẹ́fẹ́ bá gbẹ, bodè náà a dínkù. Nígbà tí àwọn onímọ̀ náà fi ọwọ́ ara wọn dín in kù, àwọn ẹ̀fọn náà pẹ́ láyé nínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ.

Ẹ̀kọ́ ńlá ni èyí fún ilẹ̀ bí Burkina Faso. Ẹni tí ó bá ń yára lè sọ pé kí a wá oògùn tí yóò dí bodè omi ẹ̀fọn kí gbogbo wọn lè kú. Ṣùgbọ́n ìwádìí yìí fi hàn pé ní àkókò ọ̀dá, irú oògùn bẹ́ẹ̀ lè ràn án lọ́wọ́ láti pẹ́ sí i, kí òjò tún wá bá a láàyè. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀tọ̀ sì ni ti kòkòrò ibà fúnra rẹ̀, nítorí òun náà ní akuapórìn tirẹ̀. Ní ọdún 2007, àwọn onímọ̀ yọ ọ́ kúrò lára irú kòkòrò ibà tí ń bá eku jà. Kòkòrò náà kò lè tètè bí sí i mọ́, àwọn eku náà sì pẹ́ kí wọ́n tó kú.

Ní ọdún 2018, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka orílẹ̀-èdè 11 sí àwọn tí ẹrù ibà wúwo jù lé lórí. Burkina Faso wà níbẹ̀, Nàìjíríà náà sì wà níbẹ̀. Ouagadougou kò káwọ́ gbera: ìlú náà ni ibùdó ìwádìí àti ẹ̀kọ́ nípa ibà ti orílẹ̀-èdè náà wà. Ní Nanoro, tí kò jìnnà sí olú-ìlú, Ọ̀jọ̀gbọ́n Halidou Tinto àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dán abẹ́rẹ́ àjẹsára R21 wò. Àbájáde tí wọ́n kéde ní 2021 wà lára ohun tí ó mú kí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí i ní 2023. Ní abúlé Bana, ní ọdún 2019, wọ́n tú akọ ẹ̀fọn tí a ti yí àbùdá rẹ̀ padà sílẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba pàṣẹ kí iṣẹ́ náà dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ kàn wá nìyí. Kò sí ìjọba tí ó lè pinnu dáadáa, ìbáà jẹ́ láti gbà tàbí láti kọ̀, lórí ohun tí kò yé àwọn ènìyàn rẹ̀. Baltimore ni a ti kọ́kọ́ rí bodè omi, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ń sọ bí yóò ti ṣí tàbí tì, ní ilẹ̀ wa ni ó ti ń fẹ́, ibí yìí náà ni ẹ̀fọn náà sì ń gbé. Ọwọ́ ẹni ni a fi í tún ìwà ara ẹni ṣe. Owó tí àwọn ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà bá ná sórí iná mànàmáná, ẹ̀rọ àti owó oṣù nínú ilé ìwádìí tiwọn kì í ṣe àṣehàn. Ara owó tí a fi ń gba ẹ̀mí ọmọ wa là ni.