Títọ́ Ọmọ Ológbò tí Ìyá Rẹ̀ Kú: Ìmọ̀ràn fún Àwọn Àgbẹ̀ àti Ẹgbẹ́ Aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Àgbàdo



Kò sí ẹni tí ó kó àgbàdo, ẹ̀wà tàbí gaàrí pamọ́ tí kò mọ ìyọnu eku. Eku a máa jẹ nínú oúnjẹ wa, a máa tọ̀ sí èyí tí kò jẹ, a sì máa gé àpò tí a fi owó rà. Yàtọ̀ sí èyí, ó ń kó àrùn wọ ilé. Ní ọdún 1924 ni àrùn burúkú kan tí yọ̀rọ̀ ara eku ń gbé kiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó, ó sì di nǹkan bí ọdún 1931 kí ó tó rọlẹ̀. Ibà Lassa, tí a sọ ní orúkọ ìlú Lassa ní ìhà àríwá ìlà-oòrùn Nàìjíríà níbi tí wọ́n ti rí i ní ọdún 1969, eku ni ó ń gbé òun náà kiri. Nítorí èyí ni ológbò ṣe jẹ́ òṣìṣẹ́ tí kì í béèrè owó oṣù ní abà wa. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé bí ológbò bá re àjò, ilé a di ilé eku.

Nígbà mìíràn ọkọ̀ a pa ìyá ológbò ní títì, tàbí kí ó jẹ eku tí ó ti jẹ májèlé, kí ó sì kú, a ó sì bá àwọn ọmọ rẹ̀ tí ojú wọn kò tíì là ní ìdí àpò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa sọ pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í yè ní ọwọ́ ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé iṣẹ́ náà le, àwọn mìíràn sì lè kú láìka ìtọ́jú sí, ṣùgbọ́n ohun mẹ́ta ni ó sábà ń pa wọ́n: òtútù, mílíìkì tí kò bá inú wọn mu, àti ìkánjú ẹni tí ń fún wọn ní oúnjẹ. Ẹni tí ó bá lè dènà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè gba ọ̀pọ̀ nínú wọn là. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi gbólóhùn kan yìí sí ọkàn: ooru ni ó ṣáájú, oúnjẹ ni ó tẹ̀lé e.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé ìyá kò sí

Ìyá ológbò a máa fi àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀ láti lọ ṣọdẹ. Bí ẹ kò bá tíì rí òkú rẹ̀, tí ara àwọn ọmọ náà sì gbóná, tí wọ́n sùn jẹ́ẹ́, ẹ má ṣe fi ọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ dúró ní òkèèrè, kí ẹ sì máa wò wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ara wọn bá tutù, tí wọ́n ń ké láìdákẹ́, tí èèrà bá ti ń gùn wọ́n, tàbí tí ẹ bá mọ̀ dájú pé ìyá ti kú, ẹ kó wọn láìjáfara.

2. Bí a ṣe ń mọ ọjọ́ orí wọn

Bí ìwọ́ bá ṣì wà ní ìdodo rẹ̀, ọmọ náà kò tíì ju bí ọjọ́ márùn-ún lọ. Ojú a máa bẹ̀rẹ̀ sí í là láàárín ọjọ́ 7 sí ọjọ́ 14. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, etí rẹ̀ yóò ti nà sókè, eyín wẹ́wẹ́ yóò ti máa hù ní iwájú, yóò sì máa rìn tàgétàgé. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, yóò ti máa sáré, yóò sì máa ṣeré. Ó ṣe pàtàkì kí a mọ èyí, nítorí pé ọjọ́ orí ni ó ń sọ iye ìgbà tí yóò jẹun.

3. Ìyá alágbàtọ́ ni ó dára jù

Kò sí fídà tí ó dára tó ọmú. Bí ológbò mìíràn bá wà ní àdúgbò tí ó ń fún ọmọ ní ọmú, tí àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì pọ̀ jù, ẹ bẹ olówó rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mú kí ara ọmọ aláìníyàá náà gbóná, kí ẹ fi aṣọ tí ìyá alágbàtọ́ ń sùn lé pa á lára kí òórùn wọn lè bára mu, kí ẹ sì fi í sí àárín àwọn ọmọ rẹ̀ nígbà tí ara ìyá náà bá balẹ̀. Bí ó bá ń lá a, ó ti gbà á nìyẹn. Bí ó bá ń halẹ̀ mọ́ ọn, ẹ tètè gbé e kúrò. Ẹ má ṣe gbé ọmọ tí ó ń ṣàìsàn lọ bá àwọn tí ara wọn le.

4. Ooru ṣáájú oúnjẹ

Ọmọ ológbò tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè fún ara rẹ̀ ní ooru tí ó tó. Ara ìyá rẹ̀ ni ó ti ń rí i. Bí ara rẹ̀ bá tutù, ikùn rẹ̀ kì í lè da oúnjẹ. Mílíìkì tí a bá fún un nígbà náà yóò kàn dúró sí inú rẹ̀ ni, yóò sì bàjẹ́ níbẹ̀. Ohun tí ó ń pa ọ̀pọ̀ wọn nìyí: ẹni tí àánú ṣe sáré fún wọn ní mílíìkì kí ara wọn tó gbóná.

Ẹ wá páálí tí ó ga díẹ̀. Ẹ tẹ́ aṣọ sí i. Ẹ rọ omi gbígbóná sí inú ìgò, ẹ dé e dáadáa, ẹ fi aṣọ tí ó nípọn wé e, kí ẹ sì gbé e sí apá kan páálí náà. Ẹ má ṣe fi sí apá kejì, kí ọmọ náà lè sún kúrò bí ooru bá pọ̀ jù. Bí omi bá ti ń tutù, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní, ibi tí ó sùn gbọ́dọ̀ gbóná tó ìwọ̀n Sẹ́ńtígíréèdì 30 sí 32. Lẹ́yìn náà ẹ lè máa dín in kù díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe gbé ọmọ tí ó tutù sí ẹ̀gbẹ́ iná, ẹ má ṣe rì í sí omi gbígbóná, ẹ má sì ṣe gbé fìtílà tàbí ẹ̀yinná sí inú páálí. Bí kò bá sí ohun mìíràn, ẹ gbé e mọ́ àyà yín ní abẹ́ aṣọ. Ó lè gba wákàtí kan sí mẹ́ta kí ara rẹ̀ tó gbóná bí ó ti yẹ.

5. Irú mílíìkì tí ó yẹ

Mílíìkì màlúù kò bá ọmọ ológbò mu. Ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀ jù fún un, ọ̀rá àti èròjà tí ń mú ara dàgbà sì kéré sí èyí tí ó wà nínú ọmú ológbò. Ìgbẹ́ gbuuru ni yóò fi ṣe é, omi ara rẹ̀ yóò sì gbẹ. Èyí tí ó tọ́ ni ìyẹ̀fun mílíìkì tí a ṣe fún ọmọ ológbò, tí ẹ lè béèrè lọ́wọ́ dókítà ẹranko tàbí ní ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta oògùn ẹran-ọ̀sìn. Ẹ pò ó gẹ́gẹ́ bí ìwé ara agolo rẹ̀ ti wí.

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú tí ẹ kò sì rí i rà, ẹ lè ṣe èyí fún ọjọ́ kan tàbí méjì péré: mílíìkì alágolo olómi tí kò ní ṣúgà, mílílítà 90, omi tí a ti sè, mílílítà 90, yógọ́ọ̀tì ọlọ́ràá tí a kò fi ṣúgà sí, mílílítà 120, àti pupa ẹyin mẹ́ta. Ẹ má ṣe fi funfun ẹyin sí i. Ẹ pò ó pọ̀ dáadáa, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ fi í sí inú fíríìjì, kí ẹ sì da èyí tí ó bá ṣẹ́ kù nù lẹ́yìn ọjọ́ kan. Ẹ gbé ìwọ̀nba tí ẹ ó lò sínú omi gbígbóná títí yóò fi lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ẹ kán an sí ọrùn ọwọ́ yín: kò gbọdọ̀ jó yín, kò sì gbọdọ̀ tutù.

6. Bí a ṣe ń fún un ní oúnjẹ

Ẹ fọ ọwọ́ yín. Ẹ lo fídà kékeré tí a ṣe fún ọmọ ẹranko, tàbí síríńjì tí kò ní abẹ́rẹ́. Ẹ mú kí ọmọ náà dojú ikùn dé ilẹ̀ lórí aṣọ, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe bí ó bá ń mu ọmú ìyá rẹ̀, kí ẹ gbé orí rẹ̀ sókè díẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ dà á dé ẹ̀yìn bí ọmọ ènìyàn, nítorí pé mílíìkì lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, èyí sì lè pa á. Ẹ jẹ́ kí ó máa fà á mu fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ̀ ẹ́ sí i ní ẹnu. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí mílíìkì bá yọ ní imú rẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró, ẹ dorí rẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì nù ún.

Iye ìgbà tí yóò jẹun, tọ̀sán tòru, nìyí:

Ọ̀sẹ̀ kìn-ín-ní: ní wákàtí méjì sí mẹ́ta.
Ọ̀sẹ̀ kejì: ní wákàtí mẹ́ta.
Ọ̀sẹ̀ kẹta: ní wákàtí mẹ́rin.
Ọ̀sẹ̀ kẹrin: ní wákàtí márùn-ún sí mẹ́fà.

Ọmọ tí ó wúwo tó gíráàmù 100 kò gbọdọ̀ mu ju nǹkan bí mílílítà 4 lọ ní ẹ̀ẹ̀kan. Kò tó ṣíbí ìmutíì kan. Bí ó ti ń wúwo sí i ni ẹ ó máa fi kún un. Ikùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ le gbagidi.

7. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́

Èyí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀. Ọmọ ológbò tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò lè tọ̀, kò sì lè ṣu fúnra rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ni ó ń fi ahọ́n lá a kí ó tó lè ṣe é. Nítorí náà, lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, ẹ fi òwú tí a rì sínú omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ máa pa ìdí rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí yóò fi tọ̀. Kò gbọdọ̀ lọ láìtọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ nù ún gbẹ. Láti ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìkẹrin, ẹ gbé àwo pẹrẹsẹ tí iyanrìn wà nínú rẹ̀ sí itòsí. Kò ní pẹ́ mọ ìlò rẹ̀.

8. Ẹ máa wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀

Ọmọ ológbò tuntun sábà máa ń wúwo tó nǹkan bí gíráàmù 100, ó sì yẹ kí ó máa fi gíráàmù 10 sí 15 kún un ní ojoojúmọ́. Ẹ wọ̀n ọ́n ní àkókò kan náà lójúmọ́. Bí kò bá wúwo sí i fún ọjọ́ kan, ẹ kíyè sí i. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, tàbí tí ó bá ń ṣu gbuuru, tí kò fẹ́ mu mílíìkì mọ́, tàbí tí mímí rẹ̀ ń dún, ẹ gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà ẹranko. Ilé ìwòsàn ẹranko wà ní Yunifásítì Iṣẹ́ Àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta àti ní Yunifásítì Ìbàdàn pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọjá dókítà tí ó wà ní itòsí yín, nítorí pé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ kú.

9. Iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ lè pín ṣe

Oúnjẹ ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹjọ láàárín ọ̀sán àti òru. Ẹnì kan tí ó ní oko láti ro kò lè dá a ṣe pẹ́. Ṣùgbọ́n bí ẹni mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ bá pín in, wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ ni yóò kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí ìwé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí, kí ẹni tí ó bá fún un ní oúnjẹ kọ àkókò, iye tí ó mu, àti bóyá ó tọ̀, kí ẹni tí ó kàn má baà fún un ní oúnjẹ lẹ́ẹ̀mejì.

10. Gbígba ọmú lẹ́nu rẹ̀

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í po mílíìkì rẹ̀ mọ́ ẹran tàbí ẹja sísè tí a ti yọ egungun rẹ̀, tí a sì ti gún kúná, láìsí iyọ̀, ata tàbí àlùbọ́sà. Ẹ́kọ àti àmàlà nìkan kò lè tọ́ ológbò, nítorí pé ẹran ni ẹ̀dá rẹ̀ ń béèrè. Àṣìṣe sì ni láti rò pé bí ebi bá pa á ni yóò fi ṣọdẹ. Ológbò tí ó yó pàápàá a máa pa eku.

11. Ìlera tiwa pẹ̀lú

Ẹ béèrè oògùn aràn àti abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́wọ́ dókítà. Ti àrùn dìgbòlugi sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Bí yọ̀rọ̀ bá wà ní ara rẹ̀, ẹ fi ìyarun eléyín wẹ́wẹ́ yọ ọ́. Ẹ má ṣe fi kẹrosíìnì tàbí ọta-pia-pia pa á lára, ẹ má sì ṣe lo oògùn yọ̀rọ̀ tí a ṣe fún ajá, nítorí pé òmíràn nínú wọn a máa pa ológbò. Aboyún kò gbọdọ̀ kó ìgbẹ́ ológbò. Bí ológbò bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà gan-an.

12. Kí irú rẹ̀ má baà tún ṣẹlẹ̀

Májèlé tí a fi ń pa eku ń pa ọdẹ eku pẹ̀lú. Bí ológbò bá kú, àwọn eku tí ó ṣẹ́ kù yóò bí sí i, kò sì ní sí ẹni tí yóò lé wọn. Ní ọdún 2019 ni àjọ NAFDAC ka títa ìgò kékeré oògùn apakòkòrò dichlorvos ní ọjà léèwọ̀, nítorí ìlòkulò rẹ̀. Dípò májèlé, ẹ gbé aká yín sókè kúrò nílẹ̀ tó mítà kan, ẹ fi páànù yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká kí eku má lè gùn ún, ẹ gbá àyíká rẹ̀ mọ́, kí ẹ sì máa dẹ pàkúté. Bí ẹni kan bá sì gbọ́dọ̀ lo májèlé, kí ó kó òkú eku kúrò ní òwúrọ̀, kí ó rì í mọ́lẹ̀ jìn, kí ó sì sọ fún àwọn aládùúgbò rẹ̀ kí wọ́n lè so ẹran wọn mọ́lẹ̀.