Ṣé gbogbo ohun tójú wa rí la lè sọ pé a mọ̀?

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mo wọ ọkọ̀ láti Ọ̀yẹ́ lọ sí Ìkọ̀lé. Ilẹ̀ ti ń ṣú. Lójijì, obìnrin tó jókòó níwájú figbe ta: "Ajínigbé rèé o! Ẹ wo ìbọn lọ́wọ́ wọn!" Dẹ́rẹ́bà tẹ bíréèkì. Díẹ̀ ló kù kí ọkọ̀ tó ń bọ̀ lẹ́yìn kọlù wá. Èmi náà wò, mo rí ìbọn. Mo lè búra nígbà yẹn. Ìgbà tí wọ́n fi máa sún mọ́ wa, àgbẹ̀ mẹ́ta ni, ọkọ́ ni wọ́n gbé kọ́ èjìká.

Kí ló dé tójú wa fi tàn wá jẹ? Ohun méjì ni.

Àkọ́kọ́ ni ìmọ́lẹ̀. Oríṣi sẹ́ẹ̀lì méjì ló ń bá wa ríran nínú ẹyinjú. Ọ̀kan ló ń fi àwọ̀ àti bí nǹkan ṣe rí gan-an hàn wá, àmọ́ ó nílò ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀. Tílẹ̀ bá ṣú, ìkejì ló ń gbaṣẹ́ ṣe, òun ò sì mọ àwọ̀, kì í ríran fínnífínní. Ibi tójú ò bá rí dáadáa, ọpọlọ á méfò.

Ìkejì ni ìbẹ̀rù. Látìgbà tí wọ́n ti pa ọba méjì lójú ọ̀nà lápá ibí yìí ní oṣù kìíní ọdún 2024, ẹ̀rù ò tíì kúrò lára wa. Ohun téèyàn ń bẹ̀rù ni ọpọlọ máa ń kọ́kọ́ mú wá.

Kì í ṣe òkùnkùn nìkan o. Lọ́sàn-án gangan, ẹ máa rí ohun tó dà bí omi lórí títì níwájú. Ẹ débẹ̀, ó gbẹ táútáú. Afẹ́fẹ́ gbígbóná orí ọ̀dà ló tẹ ìmọ́lẹ̀ ojú sánmà wá sójú yín.

Àwọn àgbà ní ìròyìn ò tó àfojúbà. Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo, tí wọ́n jẹ́ olùkọ́ ìmọ̀ ọgbọ́n-orí ní Yunifásítì Ifẹ̀, bi àwọn oníṣègùn Yorùbá léèrè ọ̀rọ̀ yìí, wọ́n sì gbé ìwé jáde lórí rẹ̀ lọ́dún 1986. Ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ohun téèyàn fojú ara rẹ̀ rí, tí ọkàn rẹ̀ sì jẹ́rìí sí, ni ìmọ̀. Ohun tó gbà lẹ́nu ẹlòmíì, ìgbàgbọ́ ni, àfi tó bá dán an wò. Ẹ kíyè sí i: ojú nìkan ò tó, ọkàn gbọ́dọ̀ jẹ́rìí.

Ká tó dé Ìkọ̀lé, ẹnì kan nínú ọkọ̀ ti fi fóònù ka ohùn ránṣẹ́. Nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀, ó ti kàn mí lórí WhatsApp: "Ajínigbé mẹ́ta lọ́nà Ìkọ̀lé!" Kíá ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé àgbẹ̀ ni wọ́n, torí ká ní àwọn ọ̀dọ́ gbé àdá jáde ńkọ́?

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ bi ara yín: báwo ni mo ṣe jìnnà tó? Ṣé ìmọ́lẹ̀ wà? Ṣé ẹ̀rù ń bà mí? Ṣé mo tún un wò?