Ìdìbò, Ọmọ Ogun àti Ìjà Ẹ̀yà: Ẹ̀kọ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Horowitz

Ní ọdún 1985, Ọ̀jọ̀gbọ́n Donald Horowitz, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Duke, gbé ìwé ńlá kan jáde tí ó pè ní Ethnic Groups in Conflict. Ìwé náà ju ojú-ewé 600 lọ, ìjà láàrin ẹ̀yà àti ẹ̀yà sì ni ó dá lé lórí. Ohun tí ọ̀mọ̀wé náà ń wádìí ni ìdí tí àwọn ẹ̀yà tí ó wà ní orílẹ̀-èdè kan fi lè máa gbé pọ̀ ní ìrọ̀rùn, tí àwọn ti ibòmíràn sì ń dojú ìjà kọ ara wọn.

Horowitz ṣàlàyé pé bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan bá ní ẹgbẹ́ òṣèlú tirẹ̀, ìdìbò kò yàtọ̀ sí kíka orí ènìyàn. Ẹ̀yà tí ó pọ̀ jù ni yóò máa wọlé nígbà gbogbo. Èyí tí ó kéré ti pàdánù kí ọjọ́ ìbò tó pé. Ẹni tí ó bá sì mọ̀ pé àpótí ìbò kò lè gbe òun láéláé lè wá ọ̀nà mìíràn. Èyí tí ó tún burú ni pé bí ẹgbẹ́ méjì bá ń du ìbò ẹ̀yà kan ṣoṣo, olúkúlùkù yóò máa fi ẹnìkejì sùn pé kò fẹ́ràn ẹ̀yà náà tó, ohùn àwọn onílàjà yóò sì rì.

Ó fi ilẹ̀ méjì ní Éṣíà ṣe àpẹẹrẹ. Sri Lanka gba òmìnira ní ọdún 1948, Malaya sì gbà á ní ọdún 1957. Nígbà náà, ti Sri Lanka ni ó jọ pé yóò dára jù. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1956, lẹ́yìn tí àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ti du ìbò àwọn Sinhala, a fi òfin sọ èdè Sinhala nìkan di èdè ìjọba. Ó dun àwọn Tamil púpọ̀. Nígbà tí ó yá, ogun bẹ́ sílẹ̀ láti ọdún 1983 títí di ọdún 2009. Ní Malaya, ẹgbẹ́ àwọn Malay àti ti àwọn ará Ṣáínà pa ìbò wọn pọ̀ ní ìdìbò ìgbìmọ̀ ìlú Kuala Lumpur ní ọdún 1952, wọ́n sì gba ìjókòó 9 nínú 12. Nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn ará Íńdíà dara pọ̀ mọ́ wọn, wọ́n gba 51 nínú 52 ní ọdún 1955. Rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1969, ṣùgbọ́n kò di ogun bí ti Sri Lanka.

Horowitz kò gbàgbé àwọn ọmọ ogun. Ní ọdún 1980, ó kọ ìwé kan nípa àwọn ọ̀gá tí wọ́n gbìyànjú láti gba ìjọba Sri Lanka ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1962, lẹ́yìn tí ó ti fọ̀rọ̀ wá púpọ̀ nínú wọn lẹ́nu wò. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀gá náà jẹ́ Kristẹni, ìjọba ìgbà náà sì ń gbé àwọn ẹlẹ́sìn Búdà ga. Ó fi hàn pé níbi tí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn kan bá pọ̀ nínú ọmọ ogun, tí agbára ìjọba sì bọ́ sí ọwọ́ àwọn mìíràn, ewu ń bẹ. Nàìjíríà náà rí i ní ọdún 1966, nígbà tí ìbọn gba ìjọba lẹ́ẹ̀méjì, tí ogun abẹ́lé sì tẹ̀ lé e láti ọdún 1967 sí 1970.

Kí ni àtúnṣe? Horowitz gbà pé ìwàásù nìkan kò tó. Ó yẹ kí òfin mú kí olóṣèlú nílò ìbò àwọn ẹ̀yà mìíràn kí ó tó lè wọlé. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò sì wọ kèrègbè. Àpẹẹrẹ kan tí ó tọ́ka sí ni òfin Nàìjíríà ti ọdún 1979: ẹni tí yóò di Ààrẹ gbọ́dọ̀ ní ìbò tí ó pọ̀ jù, kí ó sì gba ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn ìpínlẹ̀ 19. Ní ọdún náà, Alhaji Shehu Shagari ní ìbò 5,688,857, Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sì ní 4,916,651. Shagari rí ìdá náà gbà ní ìpínlẹ̀ 12, kò rí i gbà ní ìkẹtàlá. Nítorí pé a kò lè pín 19 sí mẹ́ta láìṣẹ́kù, ọ̀ràn náà di ẹjọ́, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ sì dá Shagari láre.

Gbogbo ọ̀mọ̀wé kọ́ ni ó fara mọ́ Horowitz. Arend Lijphart, tí a bí ní ilẹ̀ Họ́láńdì, ní ohun tí ó sàn jù ni kí àwọn olórí ẹ̀yà gbogbo jọ jókòó nínú ìjọba lẹ́yìn ìbò. Horowitz dáhùn pé àwọn tí kò nílò ara wọn kí ìbò tó dé kì í pẹ́ tú ká lẹ́yìn rẹ̀.

Òfin nìkan kò lè dá ìbọn dúró: àwọn ọmọ ogun tún gba ìjọba Nàìjíríà ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá ọdún 1983. Síbẹ̀, nígbà tí ìjọba alágbádá padà ní ọdún 1999, a tún kọ ìlànà náà sínú òfin, fún ìpínlẹ̀ 36 àti Àbújá. Nítorí rẹ̀, ẹni tí ó bá fẹ́ ṣe Ààrẹ kò lè gbára lé ìlú tirẹ̀ nìkan. Ó di dandan kí ó wá ìbò lọ sí ibi tí a kò ti ń sọ èdè rẹ̀, kí ó sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń fẹ́ níbẹ̀.