ẸNI TÍ WỌ́N RẸ́ JẸ, KÓ MÁ FI ÌGBÁTÍ BA ẸJỌ́ ARA RẸ̀ JẸ́

Nígbà tí aáwọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ lọ́jà, kì í pẹ́ tí àwọn èèyàn fi máa ń mọ ẹni tó jàre. Iṣẹ́ ńlá ibẹ̀ ni pé kí ẹni náà ṣì jàre nígbà tí wọ́n bá fi máa là wọ́n.

Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí. Ká ní ìyá kan ń lọ ata àti ẹ̀gẹ́ fún aráàlú ní Èmùré. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kú, ó wọ mọ́tò lọ sí Ìkẹ́rẹ́, ó bá Lágbájá tó ń ta tòkunbọ̀.

"Ọmọ mi, ṣé wọn ò tú ẹ́ńjìnnì yìí rí?"

"Yèyé, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan inú ẹ̀. Bó ṣe ti òkè òkun dé nìyẹn. Kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo Èkìtì!"

Ìyá sanwó. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ́ńjìnnì ń rú èéfín. Mẹkáníìkì tú u, ó rí i pé wọ́n ti jó inú rẹ̀ pọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ méjì ni Lágbájá sọ, òfin ò sì fi ojú kan náà wò wọ́n. "Kò sí irú ẹ̀ ní gbogbo Èkìtì," ìpolówó ọjà lásán nìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń pe alákàrà lẹ́jọ́ pé àkàrà rẹ̀ kò dùn ju oyin lọ. Ṣùgbọ́n "ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kan inú ẹ̀," ohun tó ṣẹlẹ̀ tàbí tí kò ṣẹlẹ̀ ni. Bó bá mọ̀ pé irọ́ ni, ẹ̀tàn ni.

Ní 1889, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ìlú Ọba dá ẹjọ́ Derry àti Peek. Àwọn olórí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan ní Plymouth sọ pé àwọn ní àṣẹ láti fi èéfín omi gbígbóná wa ọkọ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀, àmọ́ wọ́n gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, wọ́n sì jàre. Àwọn adájọ́ wá là á mọ́lẹ̀ pé ẹni tó sọ̀rọ̀ láìbìkítà bóyá òótọ́ ni tàbí irọ́, òun àti òpùrọ́ ò yàtọ̀. Òṣùwọ̀n yìí náà ni kóòtù Nàìjíríà ń lò.

Ìyá gbọ́dọ̀ fi hàn pé ọ̀rọ̀ yẹn ló mú òun sanwó, àti pé òun pàdánù. Bó bá jẹ́ mẹkáníìkì tirẹ̀ ló mú lọ, tó sì jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyẹn ló gbà, ẹjọ́ rẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ mọ́. Bí kò bá sì béèrè, tí Lágbájá dákẹ́, ó ṣòro. Ẹ máa béèrè!

Ó wá ku ìjà. Ìyá padà dé tìbínú-tìbínú. Lágbájá gbé sípánà sókè, ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀: "Ẹ jáde ní ṣọ́ọ̀bù mi, àbí kí n fọ́ orí yín!" Kò tíì fọwọ́ kàn án. Ọ̀pọ̀ rò pé kò sí ẹjọ́ níbẹ̀. Ó wà! Ní 1853, nínú ẹjọ́ Read àti Coker ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn òṣìṣẹ́ yí ọkùnrin kan ká, wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n ní bí kò bá jáde, àwọn á ṣẹ́ ẹ lọ́rùn. Wọn ò lù ú, síbẹ̀ kóòtù ní "assault" ni, nítorí ẹ̀rù ìyà ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n dá bà á. Àmọ́ ní 1669, ẹnì kan gbé ọwọ́ lé idà, ó ní ká ní kì í ṣe pé àwọn adájọ́ wà nílùú ni, òun ò ní gba irú ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹnu rẹ̀ ti sọ pé òun ò ní ṣe é, kò jẹ̀bi.

Ìyá wá gbá Lágbájá létí ńkọ́? Bí sípánà bá ń bọ̀ lórí rẹ̀, tó tì í kó lè ráyè sá, ó gba ara rẹ̀ là ni. Ṣùgbọ́n bí Lágbájá bá ti ju sípánà sílẹ̀, tó kẹ̀yìn, ẹ̀san nìyẹn. "Inú ló bí mi" lè dín owó ìtanràn kù. Irọ́ orí ẹ́ńjìnnì ṣì wà lọ́rùn Lágbájá, àmọ́ ẹni tó yẹ kó máa gba owó ti wá ń bẹ̀bẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Ọlọ́pàá kì í ṣe agbowó gbèsè o. Òfin Ọlọ́pàá ti 2020 ní wọn ò gbọdọ̀ mú ẹnikẹ́ni kìkì nítorí àdéhùn tó yẹ̀. Ṣùgbọ́n kéèyàn mọ̀ọ́mọ̀ purọ́ gba owó lè di ọ̀ràn, lábẹ́ abala 419 ìwé òfin ọ̀daràn. Ibẹ̀ ni orúkọ "419" ti wá.

Kí ni kí ìyá ṣe? Kó má lo ẹ́ńjìnnì náà mọ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Kó tètè dá a padà, nítorí ẹni tó lò ó fún oṣù mẹ́fà kò lè rọrùn fún un láti ní "gba ọjà rẹ." Kó mú ẹlẹ́rìí dání, kí mẹkáníìkì sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ ò bá yanjú níwájú ẹgbẹ́ àti àwọn àgbà, kóòtù wà. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè béèrè lọ́wọ́ Legal Aid Council, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1976.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ọlọ́jà kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé: "Wọn ò tú u rí." Bó bá kọ̀ tí kò kọ ọ́, ó ti dá yín lóhùn.