Gáàsì Kì í Tán, Jíjò Ló Ń Jò

Láti Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́ títí dé ìlú Oǹdó, ẹ̀sùn kan náà ni àwọn tó ní yàrá òtútù, èyí tí àwọn ará ọjà ń pè ní kóòlùrúùmù, máa ń fi kan àwọn tó ń tún un ṣe: bí oṣù díẹ̀ bá ti kọjá, wọn yóò ní gáàsì ti tán, wọn yóò gba owó, wọn yóò sì tún rọ òmíràn sí i. Irọ́ ni pé gáàsì tán, nítorí pé kò dà bí epo inú jẹnẹrétọ̀ tí ẹ̀rọ ń jó títí yóò fi gbẹ. Inú páìpù tí a dí pa ni ó ti ń yí po: kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ yóò fún un pọ̀, ooru rẹ̀ yóò jáde síta, yóò di olómi, fáàfù tóóró kan yóò sì tú u sínú àwọn páìpù inú yàrá, níbi tí yóò ti hó, tí yóò sì gba ooru ara tòmátì àti ata mọ́ra, kí ó tó padà sínú kọ̀ńpúrẹ́sọ̀ láìdín. Bí ó bá dín, a jẹ́ pé ojú kan ń jò.

Nínú yàrá kékeré, owó ni jíjò yìí ń jẹ jù. Ṣùgbọ́n ní ilé ìpamọ́ ńlá tó ń lo amóníà gẹ́gẹ́ bíi gáàsì rẹ̀, ẹ̀mí ni. Láti ìgbà tí Carl von Linde ti ilẹ̀ Jámánì ti fi amóníà ṣe ẹ̀rọ òtútù ní àwọn ọdún 1870 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ti ń lò ó, nítorí pé kò wọ́n, ó sì ń hó ní ìwọ̀n òtútù -33 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́líṣíọ́ọ̀sì. Àmọ́ omi ni ó máa ń wá, ó sì ń rí i nínú ojú, ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóóró ènìyàn. Bí ó bá ti tó ìdá 300 nínú mílíọ̀nù kan afẹ́fẹ́, ó ti di ewu fún ẹ̀mí. Òórùn rẹ̀ tó dà bí ti ìtọ̀ tó ti pẹ́ máa ń kọ́kọ́ kìlọ̀, ẹni tó bá sì sọ pé òórùn lásán ni, ara rẹ̀ ló ń tàn jẹ. Ẹlẹ́rọ tó mọṣẹ́ yóò tan imí-ọjọ́, yóò sì máa gbé e kọjá lẹ́bàá oríkèé páìpù lọ́kọ̀ọ̀kan. Níbi tí èéfín funfun bá ti ṣú, ibẹ̀ ló ń jò.

Àṣìṣe tó tún burú jù ni kí a rò pé bí a bá ṣe rọ ọ́ kún tó ni yàrá yóò ṣe tutù tó. Amóníà olómi máa ń wú bí ooru bá mú un, kò sì ṣeé fún pọ̀. Ìdí nìyí tí táǹkì rẹ̀ fi gbọ́dọ̀ ní àyè òfìfo lókè, tí a kò sì gbọdọ̀ ti fáàfù méjì kí olómi há sáàárín wọn, nítorí pé wíwú náà lè fa irin ya. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹta ọdún 1992, ní ilé-iṣẹ́ epo ẹ̀pà SONACOS ní Dakar, lórílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà, táǹkì amóníà tí wọ́n rọ kún kọjá ìwọ̀n, tí wẹ́dà sì ti tún ṣe ṣáájú, bú gbàù: ènìyàn 129 ló kú, àwọn tó fara pa sì lé ní 1,000.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi páìpù bàbà tàbí idẹ lẹ ẹ̀rọ amóníà, bí ó ti wù kí ó mọ fíríìjì tún ṣe tó, nítorí pé amóníà yóò jẹ ẹ́. Bí amóníà bá tú jáde, ìkùukùu funfun rẹ̀ lè fà nílẹ̀. Kí àwọn òṣìṣẹ́ sá kúrò lọ́nà rẹ̀, síhà ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, kí wọ́n má ṣe bu omi lu amóníà olómi tó dà sílẹ̀, nítorí pé híhó rẹ̀ yóò le sí i. Ojú tó bá kàn, kí wọ́n fi omi tó mọ́ fọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, kí wọ́n tó gbé ẹni náà lọ sílé ìwòsàn.

Ẹni tó bá ní gáàsì ti tán, kí ó fi ojú ibi tó ń jò hàn kí ó tó gba kọ́bọ̀. Bí kò bá lè fi í hàn, kò yẹ kí ó fọwọ́ kan ẹ̀rọ náà.