Ìgbín Òkun Onílé Awẹ́ Méjì: Ọdún 97 Ni Wọ́n Fi Ṣi Ìdílé Rẹ̀ Mọ̀

Bí a bá kó oríṣiríṣi ìkarahun síwájú ìyá ilé kan, kò ní pẹ́ kí ó tó ya ti ìgbín sọ́tọ̀. Ìkarahun ìgbín jẹ́ odindi kan ṣoṣo, ó sì lọ́ bí ìgbà tí a bá wé gèlè. Àwọn ẹran omi kan sì wà tí ilé tiwọn jẹ́ awẹ́ méjì bí obì gbànja, tí ó so pọ̀ lẹ́yìn, tí ó ń ṣí tí ó sì ń padé. Àwọn onílé awẹ́ méjì yìí kò ní orí rárá. Ọ̀pọ̀ wọn a jókòó sínú iyanrìn tàbí sára òkúta, wọn a sì máa sẹ́ oúnjẹ wọn láti inú omi tí ó ń kọjá.

Bí àwọn amòye pẹ̀lú ti ń pín wọn nìyẹn: odindi ni ti ìgbín, awẹ́ méjì ni ti àwọn aláìlórí. Ìpín náà dára, àfi ìgbà tí ẹ̀dá kékeré kan dé tí ó da gbogbo rẹ̀ rú.

Ní ọdún 1862, Augustus Addison Gould, oníṣègùn kan ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ ọ̀mọ̀ràn nípa ìkarahun, kọ̀wé nípa ìkarahun kékeré kan tí a ń rí ní erékùṣù Hawaii. Ó rẹwà tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi sọ ọ́ ní Julia exquisita, èyí tí í ṣe Julia àrẹwà. Awẹ́ méjì ni, nítorí náà wọ́n kà á mọ́ àwọn aláìlórí. Ní 1875, Crosse, ọmọ ilẹ̀ Faransé, sọ òmíràn ní Berthelinia. Inú ilẹ̀ agbègbè Paris ni wọ́n ti hú ìyẹn jáde, ó sì ti di òkúta láti ohun tí ó ju mílíọ̀nù 40 ọdún lọ. Òun náà wọ agbo kan náà. Ilé ni gbogbo wọn ń rí. Wọn kò rí onílé.

Kì í sì í ṣe ohun tí ó rọrùn láti rí. Púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀dá yìí kò gùn tó mìlímítà 10, èyí ni pé wọn kò ju èékánná ọmọdé lọ. Àwọ̀ wọn rí bí àwọ̀ koríko òkun tí wọ́n ń gbé lórí rẹ̀, èyí tí a ń pè ní Caulerpa. Ẹni tí kò bá fi sùúrù tú koríko náà ní ewé kọ̀ọ̀kan, yóò kàn kọjá lára wọn ni.

Ní 1959 ni àṣírí tú ní Tamano, ní ilẹ̀ Jàpáànì. Ọ̀jọ̀gbọ́n Siro Kawaguti ti Yunifásítì Okayama, àti Kikutaro Baba (orúkọ ọkùnrin náà ni Baba, kì í ṣe oyè o), ni ó kọ̀wé nípa rẹ̀. Baba yìí ni ó kọ ìwé ńlá kan ní 1949 lórí àwọn ìgbín òkun tí Hirohito, Ọba Jàpáànì, kó jọ láti inú omi Sagami. Ẹ ò rí i pé ọba pàápàá ń wá ìgbín!

Lórí Caulerpa ni ẹ̀dá náà wà láàyè, awẹ́ méjì sì ni ilé rẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n orí yọ jáde lábẹ́ rẹ̀, ó ní ìwo méjì àti ojú, ó sì ń fi àtẹ́lẹsẹ̀ wọ́ lórí ewé gẹ́gẹ́ bí ìgbín. Wọ́n sọ ọ́ ní Tamanovalva limax, nítorí limax ni orúkọ ìgbín aláìníkarahun ní èdè Látìn. Ọ̀pọ̀ ìwé ti kà á mọ́ Berthelinia láti ìgbà náà.

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù ni ti ìgbà èwe rẹ̀. Nígbà tí ó ṣì jẹ́ ọmọ kékeré jòjòló, ìkarahun kan ṣoṣo ni ó ní, ó sì lọ́ bí ti ìgbín gbogbo. Bí ó ti ń dàgbà ni awẹ́ kejì ń hù. Ìyẹn ni ó fi jẹ́ pé, bí a bá fi awò tí ń sọ nǹkan di ńlá wo ṣóńṣó awẹ́ òsì, a ó rí kókó kékeré tí ó lọ́, tí awẹ́ ọ̀tún kò ní. Kókó náà wà lára ìkarahun òfìfo pẹ̀lú.

Ẹnu rẹ̀ pẹ̀lú jẹ́rìí. Eyín rẹ̀ tò ní ẹsẹ̀ kan ṣoṣo. Ọ̀kan ni ó fi ń lu ewé, a sì fa omi inú rẹ̀ mu bí ọmọdé ti ń mu ọsàn. Èyí tí ó bá ti gbó kò ní sọ nù, inú àpò kékeré kan ni ó ń kó o sí. Sacoglossa ni orúkọ agbo rẹ̀, èyí tí ó túmọ̀ sí ahọ́n alápò.

Láti ìgbà náà ni ọ̀rọ̀ yí padà káàkiri. Ní 1963, Malcolm Edmunds fi orúkọ Berthelinia caribbea pe ti òkun Caribbean. Òun kan náà ni ó kọ̀wé lẹ́yìn náà lórí àwọn ìgbín òkun Gánà. Ní 1968, obìnrin ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Hawaii, E. Alison Kay, kó ọ̀rọ̀ gbogbo wọn jọ sínú ìwé kan. Julia àti Berthelinia sì di ará ilé kan, tí a ń pè ní Juliidae.

Ní 2010 ni àwọn amòye tún yẹ ohun tí ọmọ ń jogún lára òbí wò nínú ara àwọn ìgbín, wọ́n sì rí i pé agbo Sacoglossa bá àwọn ìgbín orí ilẹ̀ tan. Ìgbín ńlá tí a ń tà lọ́jà wa sún mọ́ ẹ̀dá kékeré yìí ju bí owó ẹyọ ti sún mọ́ ọn lọ, bẹ́ẹ̀ inú òkun ni owó ẹyọ ń gbé.